Kọ̀ǹpútà kejì ò ṣiwèrè: ìtàn àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ wa lójú nínú ọ́fíìsì

1/ Lóṣù kẹfà ọdún 2017, iná tí wọ́n mú lọ ní Ghana ló kó ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó kọ̀ntéínà jù lágbàáyé yọ nínú wàhálà ńlá. Ẹ ò ṣì í kà o. Iná tó LỌ ni, kì í ṣe èyí tó dé. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Under G la ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an.

2/ Ẹni tó bá mọ Under G l'Ógbómọ̀ṣọ́ á mọ bó ṣe máa ń rí tí àsìkò project bá dé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ló máa ń kún. Ẹnìkan ń táípù, ẹnìkan ń tún Chapter Four ṣe, ẹnìkan dúró ti printer, oní-binding ń pariwo pé ta ló ni èyí. Kọ̀ǹpútà lè tó mẹ́ta mẹ́rin nínú ṣọ́ọ̀bù, kí printer jẹ́ ẹyọ kan péré. Fáìlì gbọ́dọ̀ rìn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.

3/ Tọ́jọ́ bá dáa, ẹ tẹ fódà tí wọ́n share, ó ṣí. Tọ́jọ́ ò bá dáa, Windows á ní òun ò rí ọ̀nà, á wá kọ 0x80070035 sójú yín. Tàbí kó béèrè password tẹ́nikẹ́ni ò fi síbẹ̀ rí. Tàbí kó kàn sọ pé ẹ ò láṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ó ṣí lánàá o! Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á mí kanlẹ̀, á ní, "Kọ̀ǹpútà yìí ti ń ṣiwèrè."

4/ Kò ṣiwèrè. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí: ilẹ̀kùn tó wà láàárín kọ̀ǹpútà méjì pọ̀, gbogbo wọn ló sì ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tì wọ́n, ìyà kan ló sì wà nídìí títì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá mọ ìtàn yẹn, ẹ ó mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kẹ́ ẹ kàn, ẹ ó sì mọ èyí tí kò yẹ kẹ́ ẹ já. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

5/ Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní 1981, ńṣe ló dá wà bí ẹni tó ń gbé ilé àdágbé. Fáìlì kì í dá rìn. Èèyàn ló ń gbé e rìn lórí disk pẹlẹbẹ, bí ẹ ṣe ń gbé flash kiri lónìí. Wáyà tó lè so kọ̀ǹpútà pọ̀ ti wà ná: láti 1973 ni Bob Metcalfe ti kọ́kọ́ kọ èrò Ethernet sílẹ̀ ní Xerox, ní California. Àmọ́ wáyà nìkan ò tó. Ẹni méjì lè jókòó ti ara wọn kí wọ́n má gbọ́ èdè ara wọn.

6/ Èdè yẹn ni Barry Feigenbaum bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní IBM ní nǹkan bí 1983. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lè ṣí fáìlì orí kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni pé tiẹ̀ ni. Ó ṣètò bí wọ́n á ṣe kíra wọn, bí ọ̀kan á ṣe tọrọ fáìlì, bí á ṣe kà á, bí á ṣe dá a padà. Lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi pè é, BAF, kí wọ́n tó yí i sí SMB. Èdè SMB yìí náà ni kọ̀ǹpútà inú ṣọ́ọ̀bù Under G ń sọ títí dòní.

7/ Irú ayé wo ni wọ́n kọ ọ́ fún? Ayé ọ́fíìsì kan, tí gbogbo èèyàn mọra wọn. Ẹ ronú agboolé àtijọ́: ẹnikẹ́ni tó bá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ọmọ ilé ni. Kódà bí wọ́n ṣe ń wá orúkọ, ariwo ni. Kọ̀ǹpútà kan á pariwo sórí wáyà pé, "Ta ló ń jẹ́ OGA?" Ẹni tó bá dáhùn, wọ́n ti gbà á gbọ́ nìyẹn. Orúkọ yẹn ò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 15 lọ.

8/ Ọdún 1992 ni Microsoft gbé Windows for Workgroups jáde. Ọ̀rọ̀ WORKGROUP tẹ́ ẹ ṣì ń rí lórí Windows, ọmọ ìgbà náà ni. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: àwọn kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì máa ń DÌBÒ. Wọ́n á yan ọ̀kan tó máa tọ́jú ìwé orúkọ. Àwọn yòókù á máa kéde ara wọn fún un ní ìṣẹ́jú 12-12. Tẹ́ni tí wọ́n yàn bá kú lójijì, ìwé orúkọ dàrú, wọ́n á tún ìbò dì. Láti ìgbà yẹn ni orúkọ ti máa ń pòórá nínú Network, kí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ sì wà níjokòó.

9/ Lásìkò kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Australia, Andrew Tridgell, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà Unix náà lè dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lédè náà. Ńṣe ló ń tẹ́tí sí ohun tó ń kọjá lórí wáyà títí tó fi gbọ́ ọ, bí ọmọ tó ń gbọ́ èdè nínú ọjà. Ohun tó kọ ló di Samba. Inú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti wá orúkọ tó ní S, M àti B nínú. Ẹ̀yin oní-Linux, ẹ kí bàbá yẹn.

10/ Wàyí o, ààbò. Lórí Windows 95, fódà ni wọ́n ń fún ní password, kì í ṣe èèyàn. Ẹni tó bá ti mọ password fódà, ó wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Rárá o. Lóṣù kẹwàá ọdún 2000, Microsoft kéde ihò kan: ẹni tó ń wọlé ló ń sọ iye lẹ́tà tí kí kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò. Tó bá ní lẹ́tà kan péré, lẹ́tà kan yẹn náà ni wọ́n á wò. Password lè gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ti tó láti ṣílẹ̀kùn!

11/ Windows XP dé ní 2001. Ọdún kan náà ni GSM dé Nàìjíríà, àsìkò cybercafé àti overnight browsing nìyẹn. Lórí XP tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá, gbogbo ẹni tó bá gba orí network wọlé, "Guest" ni. Àlejò. Wọn kì í bi í léèrè orúkọ. Ibí yìí gan-an ni ìmọ̀ràn tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń fún wa ti wá: "Kàn share ẹ̀, yan Everyone, ó parí." Wọn ò parọ́. Òótọ́ ni, nígbà náà.

12/ Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ilẹ̀kùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Lóṣù kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Blaster ń gba orí network wọ kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, XP Service Pack 2 jáde, firewall ti wà ní títàn látìgbà tẹ́ ẹ bá ti fi í sórí kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tì. Láti ìgbà náà lẹnìkan ti máa ń sọ ní gbogbo ọ́fíìsì pé, "Off firewall yẹn jàre."

13/ Òpin ọdún 2008, Conficker dé. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà: ihò kan nínú apá Windows tó ń pín fáìlì, password tó rọrùn bí 12345, àti flash. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a ò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń sọ. Ẹnìkan ṣoṣo tó fi flash bọ kọ̀ǹpútà iwájú, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń ṣàìsàn.

14/ Ní àárín ìyẹn, Windows ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín pé níbo lẹ wà. Láti ìgbà Vista, ní 2007, ló ti ń ya network ìta sọ́tọ̀ sí ti inú ilé. Tẹ́ ẹ bá yan Public, ńṣe ló máa fara pa mọ́ bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ kìlọ̀ fún pé kó má dá àjèjì lóhùn. Windows 7, ní 2009, wá mú HomeGroup wá láti mú nǹkan rọrùn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 ní 2018. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wá a, ẹ má yọra yín lẹ́nu mọ́.

15/ Ọdún 2017 wá dé. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta, Microsoft fi àbùlẹ̀ kan ránṣẹ́ fún ihò ńlá kan nínú SMB àtijọ́, SMB1. Ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, àwọn kan tó ń pe ara wọn ní Shadow Brokers da irinṣẹ́ tó ń gba ihò yẹn wọlé síta. EternalBlue lorúkọ ẹ̀, ọ̀dọ̀ àjọ amí Amẹ́ríkà, NSA, ló sì ti jáde. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, WannaCry bẹ́. Ó ju kọ̀ǹpútà 200,000 lọ, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ó ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè owó.

16/ Ilé ìwòsàn NHS ní UK, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àǹtí wa púpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, fojú winá ẹ̀. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú, wọ́n ń darí aláìsàn sí ibòmíràn. Ẹ sì rántí: àbùlẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún bí oṣù méjì kó tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an mọ́ aṣọ ni.

17/ Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, òmíràn tún dé, NotPetya. Inú sọ́fítíwíà ìṣirò owó kan ní Ukraine ló ti bẹ̀rẹ̀. Ihò SMB yẹn náà ló gbà, ó sì ń jí password tó bá bá nínú kọ̀ǹpútà kan láti fi wọ èkejì. Ó wọ Maersk, àwọn oní-kọ̀ntéínà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó èbúté kọ̀ntéínà Àpápá l'Ékòó, APM Terminals, ara Maersk náà ni. Kọ̀ǹpútà ń kú káàkiri ọ́fíìsì wọn bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń pa àtùpà.

18/ Èyí tó burú jù ni ti àwọn kọ̀ǹpútà àgbà tó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ibi tí kálukú láṣẹ dé. Wọ́n pọ̀, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì, torí náà ọkàn wọn balẹ̀ pé gbogbo wọn ò lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku ẹyọ kan: ti ọ́fíìsì Ghana. Iná ti lọ níbẹ̀ kí kòkòrò náà tó dé, kọ̀ǹpútà náà ò sí lórí network. Nǹkan tá à ń bú lójoojúmọ́!

19/ Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò yára tó láti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí UK. Òṣìṣẹ́ Ghana ò sì ní físà UK. Kí ni wọ́n ṣe? Ẹnìkan gbé hard disk náà láti Ghana wá sí pápákọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà níbí, ó fà á lé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn lọ́wọ́, onítọ̀hún wọ bàálù lọ sí London. Wọ́n tún kọ̀ǹpútà bí 45,000 tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Òfò náà tó 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là.

20/ Kí ni èyí kan ṣọ́ọ̀bù wa? Ó kàn án gan-an. Lẹ́yìn 2017 ni wọ́n fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà. Windows 10 tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún yẹn ò gbé SMB1 wá mọ́, ìwé orúkọ tí wọ́n ń dìbò fún sì bá a lọ. Wọ́n dí ọ̀nà Guest pẹ̀lú, bẹ̀rẹ̀ láti orí Windows àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Windows 11 24H2 dé ní 2024, ó kan Pro náà: kò wọlé ní àlejò mọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kọjá. Ẹni tí kò lórúkọ ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan.

21/ Printer náà ò gbẹ́yìn. Ní 2021, lẹ́yìn ariwo ihò PrintNightmare, update oṣù kẹsàn-án mú kí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa rí 0x0000011b tí wọ́n bá fẹ́ lo printer orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Nítorí náà, "lánàá ó ṣí, lónìí ó kọ̀" kì í ṣe àǹjọ̀nnú. Update ti wọlé lóru. Ẹnìkan ní ibì kan ti jìyà, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn mìíràn.

22/ Ó yá, ká wá kàn wọ́n ní títẹ̀léra. Ilẹ̀kùn kìíní: wáyà. Ṣé orí router kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì wà? Tí ọ̀kan bá wà lórí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù, tí èkejì wà lórí hotspot fóònù yín, wọn ò lè ríra. MiFi mìíràn sì wà tí kì í jẹ́ kí àwọn tó wà lórí ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ fi ping wò ó, àmọ́ ẹ rántí pé firewall lè ṣàìdáhùn ping kí ọ̀nà sì wà.

23/ Ilẹ̀kùn kejì: orúkọ. Tẹ́ ò bá rí kọ̀ǹpútà náà nínú Network, ẹ tẹ àdírẹ́sì ẹ̀ tààrà, bíi \\192.168.1.5. Tó bá ṣí, orúkọ ló ní wàhálà, kì í ṣe ọ̀nà. Ẹ̀yin tí iná máa ń lọ lọ́dọ̀ yín, ẹ gbọ́ èyí: tí router bá kú tó sì jí, ó lè pín àdírẹ́sì tuntun. 192.168.1.5 àná lè ti di 192.168.1.8. Ẹ lọ sínú router, kẹ́ ẹ fún kọ̀ǹpútà tó gbé fódà ní àdírẹ́sì kan tí kò ní yí padà.

24/ Ilẹ̀kùn kẹta: ibo lẹ sọ pé ẹ wà? Ẹ wo kọ̀ǹpútà tó gbé fódà bóyá Public ló wà. Tó bá jẹ́ network ṣọ́ọ̀bù yín, tẹ́ ẹ mọ gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀, ẹ yí i sí Private, kẹ́ ẹ tan file sharing. Firewall á fúnra ẹ̀ ṣínà tó yẹ. Kò sídìí láti pa á.

25/ Ilẹ̀kùn kẹrin ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró: ta ni yín? Lórí kọ̀ǹpútà tó gbé fódà, ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ fún un ní password gidi. Láti ìgbà XP, orúkọ tí kò ní password ò lè gba orí network wọlé. PIN tẹ́ ẹ fi ń ṣí laptop náà kì í ṣe password, ìta ò mọ̀ ọ́n. Tí kọ̀ǹpútà bá sì ti fi password àtijọ́ pa mọ́, ẹ lọ sí Credential Manager, kẹ́ ẹ pa á rẹ́.

26/ Ilẹ̀kùn karùn-ún: àṣẹ. Méjì ni, Sharing àti Security, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ wo LAUTECH. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990 fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ilé ìwé di àjọni títí di 2020 tó padà sọ́wọ́ Ọ̀yọ́ nìkan. Kí olówó kan ní bẹ́ẹ̀ ni ò tó nígbà tí nǹkan bá jẹ́ ti ẹni méjì. Fódà náà nìyẹn: Sharing lè gbà kẹ́ ẹ kọ nǹkan, tí Security bá ní kíkà nìkan, kíkà nìkan náà ni.

27/ Ilẹ̀kùn kẹfà: ọjọ́ orí. Tí ẹ̀rọ photocopy àtijọ́ bá kọ̀ láti fi scan ránṣẹ́ sínú fódà, ó lè jẹ́ SMB1 nìkan ló gbọ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ tan SMB1 padà. Ẹ má ṣe é. Ẹ wá update fún ẹ̀rọ náà, tàbí kẹ́ ẹ ní kó máa fi scan sórí flash tàbí ránṣẹ́ sí email. Ó falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ kò ní jí ohun tó dá NHS dúró dìde nítorí ìwé ojú-ewé mẹ́ta.

28/ Mo mọ̀ pé fídíò pọ̀ níta tó ń sọ pé pa firewall, fún Everyone ní gbogbo àṣẹ, pa password, tan Guest padà. Ó máa ṣí lóòótọ́. Ilé tí ò nílẹ̀kùn náà máa ń ṣí. Oníbàárà ogún á wọ Wi-Fi yín lọ́jọ́ kan, flash ọgbọ̀n á wọ kọ̀ǹpútà yín. Nínú fódà tó ṣí gbayawu yẹn ni project ọmọ tó máa dáàbò bo iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé wà, àti ìwé ẹ̀rí ẹni tó ń wáṣẹ́, àti fọ́ọ̀mù ìyá kan tó fi owó ọjà san án.

29/ Àwọn ọmọ yẹn ò mọ SMB. Wọ́n kàn gbé fáìlì wọn lé yín lọ́wọ́ ni. Nítorí náà, tí kọ̀ǹpútà kejì bá ní "ta nìyẹn?", ẹ má bínú sí i. Ẹ sọ orúkọ yín fún un. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ sórí disk tí wọ́n YỌ kúrò lára network lálaalẹ́, torí ẹ̀dà tó wà lórí wáyà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù ló kú ní Maersk. Ẹ má dúró de kí wọ́n mú iná lọ kó tó gbà yín là. Ẹ tag ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yín síbí.